Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì Lórí Ilé Àlejò Ẹbí von Trapp

Stowe, Vermont

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni bàbá wọn? Báwo ni àwọn ọmọ? Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé ara Màmá ti mókun. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn fún wa. Àwa náà wà níbí, òtútù ò fún wa nísinmi, ṣùgbọ́n a ń dúpẹ́.

Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni mo jókòó tì láti dáhùn. O ní àwọn ìbejì ń wo fíìmù àtijọ́ yẹn, The Sound of Music, nípa ẹbí von Trapp, ẹbí olórin tó sá fún Hitler, o wá sọ fún wọn pé ìtòsí ibi tí mo ń gbé ni ẹbí náà kọ́ ilé àlejò sí lórí òkè, ni wọ́n bá ní kí o bi mí: ṣé àwọn náà ló ṣì ni ín? Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ló ni ín. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn mọ́. Bó ṣe di pé kì í ṣe gbogbo wọn mọ́ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́, torí ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà nípa ẹjọ́ tí wọ́n ṣe.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ibì kan ṣe fún àwọn ìbejì. Àwọn ẹbí yẹn kò fẹsẹ̀ gun òkè sá lọ bí fíìmù ṣe fi hàn. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ ní 1938, wọ́n kọrí sí Ítálì. Georg von Trapp, bàbá wọn, ọ̀gá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni fún Ọ́sítríà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìlú Zara ni wọ́n ti bí i, nígbà tí ìlú yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ Ítálì lẹ́yìn ogun, Georg di ọmọ Ítálì nínú ìwé. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rọ́nà lọ.

Ọ̀rọ̀ gbígba àlejò sílé pàápàá, kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Agathe Whitehead, ìyàwó tí Georg kọ́kọ́ fẹ́, tó bí ọmọ méje fún un, ọmọ olówó ni. Bàbá àgbà rẹ̀, Robert Whitehead, ló ṣe ohun ìjà tí wọ́n ń yìn lábẹ́ omi láti fi rì ọkọ̀ ọ̀tá, owó ńlá sì ti ibẹ̀ wá. Agathe kú ní 1922. Ní 1926 Maria Kutschera dé ilé náà láti máa kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, nígbà tó di 1927 Georg fẹ́ ẹ. Ní 1935 Georg kó owó ẹbí kúrò ní báǹkì kan ní London lọ sí òmíràn ní Ọ́sítríà, báǹkì tibẹ̀ sì wógbá. Owó lọ. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, wọ́n kó ara wọn jọ sápá kan ilé, wọ́n sì fi àwọn yàrá tó ṣófo gba ayálégbé. Àsìkò kan náà ni orin tí wọ́n ń kọ fún ìgbádùn ara wọn di ohun tí wọ́n ń fi wá oúnjẹ. Orin àti yàrá yíyá, àìlówó kan náà ló bí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń kọrin. Maria bí mẹ́ta kún méje tó bá nílé, wọ́n di mẹ́wàá. Àbíkẹ́yìn wọn, Johannes, Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní oṣù kìíní ọdún 1939. Má gbàgbé orúkọ yẹn, a ó padà sórí rẹ̀. Ní 1942 wọ́n ra oko kan tó tó 660 ékà lórí òkè ní Stowe, níbi tí wọ́n ti lè máa wo òkè lẹ́yìn òkè bí wọ́n ṣe máa ń rí i nílé wọn. Òkè tó ga jù ní gbogbo Vermont, Mansfield, tó jẹ́ mítà 1,339, ìlú yìí kan náà ló wà.

Owó orin ni wọ́n fi ra ilẹ̀ náà. Di èyí mú dáadáa, Ìyá Ìbejì, torí ní tèmi, ìdí gbogbo ẹjọ́ tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà nìyẹn. Kì í ṣe ogún tí bàbá jogún ni bàbá fi rà á, kì í sì í ṣe òógùn ìyá nìkan. Ohùn gbogbo ọmọ ló rà á. Àwọn ọmọ Agathe ti dàgbà nígbà yẹn, ó yẹ kí olúkúlùkù ti máa wá tirẹ̀, síbẹ̀ orí pèpéle kan náà ni wọ́n ń dúró sí lálaalẹ́, àpò kan náà sì ni owó wọn ń wọ̀.

Rupert àti Werner, àwọn ọkùnrin méjì tó dàgbà jù, wọṣẹ́ ológun, wọ́n wà lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́ ní ogun orí òkè, wọ́n sì jà ní Ítálì. Àwọn tó kù nílé, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ilé náà láàárín ìrìn àjò orin kan sí èkejì. Ní 1944 wọ́n ṣí àgọ́ orin sí Stowe fún àwọn tó fẹ́ wá kọ́ orin lọ́wọ́ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Georg kú ní 1947, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tó di 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò sínú ilé wọn gan-an. Ilé onígi ni, yàrá rẹ̀ jẹ́ 27, ẹni tó bá wọ̀ síbẹ̀ á jẹun níbi tí ẹbí ń jẹun, á sì gbọ́ orin wọn nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí orin dópin ní 1956, àwọn ọmọ fọ́n ká. Rupert ti di dókítà. Agathe kékeré lọ ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Maryland. Johanna padà sí Ọ́sítríà. Maria Franziska lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Papua New Guinea, ibẹ̀ ló sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Martina ti kú láti 1951, ikú abiyamọ, ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo ka ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé àlejò kù fún ìyá wọn.

Maria gan-an ni àwọn àlejò ń wá wò, pàápàá lẹ́yìn tí fíìmù ti jáde ní 1965. O lè rò pé fíìmù yẹn ló sọ wọ́n dolówó. Rárá o. Ní àárín àwọn ọdún 1950 ló ti ta ẹ̀tọ́ ìtàn ayé rẹ̀ fún àwọn onífíìmù Jámánì ní 9,000 dọ́là, ó gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ohun tó pọ̀ jù tí fíìmù fún ẹbí náà ni orúkọ, orúkọ sì ní láti gba ẹnu ọ̀nà ilé àlejò wọlé kó tó di owó: ẹni tó wo fíìmù á fẹ́ wá sùn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin náà le, pé àṣẹ rẹ̀ pọ̀ lórí àwọn ọmọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ilẹ̀ àjèjì, tí ọkọ kú fún, tó tún gbé ilé àlejò dúró lórí òkè tí yìnyín ń bò fún bí ìdajì ọdún, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ wá kan Johannes. Níbi tí àwa ti wá, dáwódù ni ojú máa ń wà lára rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé bàbá. Lọ́dọ̀ tiwọn, àbíkẹ́yìn ló di àrólé. Kò fẹ́ ẹ pàápàá. Ó kàwé ní Dartmouth, ó tún lọ kọ́ nípa igbó àti igi ní Yale, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti máa bá ìyẹn lọ. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ ló padà wálé pé kí òun bá wọn tún ìṣirò owó ilé àlejò ṣe fúngbà díẹ̀. Fúngbà díẹ̀ yẹn ló di ọjọ́ ayé rẹ̀. Ojú ẹni tó mọ igbó ló fi wo ilẹ̀ náà. Ní 1968 ni wọ́n la ọ̀nà sínú igbó fún àwọn tó ń fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, rìn lórí yìnyín, ìyẹn àwọn tí kò fẹ́ máa já ṣòòròṣò láti orí òkè, tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ máa rìn láàárín igi. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òwò ní gbogbo Amẹ́ríkà. Bí ìgbà òtútù, tí àlejò ìbá fi máa sá, ṣe di ìgbà tí yàrá ń kún nìyẹn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1980, iná sọ lóru. Ilé tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kọ́ jó dé ilẹ̀. Maria, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, rí ọ̀nà jáde, ṣùgbọ́n àlejò kan kú. Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni pé ilé tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ tóbi, yàrá 96, pẹ̀lú ògiri onípákó àti ilé agogo lórí, ṣùgbọ́n mi ò lè fi òwe yẹn parí ọ̀rọ̀ náà nítorí ẹ̀mí tó bá a lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún ṣílẹ̀kùn, kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ owó ju èyí tí orin lè pa. Ibẹ̀ ni ilé àlejò náà ti kúrò ní ilé ẹbí tí àlejò ń sùn sí, ó di ilé-iṣẹ́ ńlá.

Maria kú ní 1987. Ìpín ni wọ́n fi pín ilé-iṣẹ́ náà láàárín ẹbí. Bí ọmọ ṣe ń bímọ, tí ẹni tó kú ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìpín náà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1990, àwọn tó ní ìpín nínú ẹbí ti lé ní ọgbọ̀n.

Fi ojú inú wò ó. Ẹnì kan ń gbé orí òkè. Òun ló ń dìde lóru bí omi bá dì nínú páìpù, òun ló ń gba àwọn òṣìṣẹ́, òun ló ń tọrọ gbèsè ní báǹkì. Bí èrè bá wọlé, òrùlé ń béèrè, ọ̀nà ń béèrè, gbogbo rẹ̀ á tún padà sínú ilé. Ẹlòmíràn ń gbé ọ̀nà jíjìn, ìwé ìpín wà nínú àpótí rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún un pé ó ní òkè kan ní Vermont, ṣùgbọ́n kò lè fi ìwé yẹn san owó ilé ìwé ọmọ. Bó bá ní kí òun tà á, ta ni yóò rà á? Ta ló fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ìdá kékeré nínú ilé tí ẹbí ẹlẹ́bí ń darí? Kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó ń purọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rò pé òun ń gbé ẹrù gbogbo ilé, ẹni tó jìnnà rò pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Ohun tí Johannes àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n da ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun. Òfin Vermont fún ẹni tó ní ìpín, tí kò sì fara mọ́ irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ní àǹfààní láti kọ̀, kí ó sì gba iye tí ìpín rẹ̀ tó ní òtítọ́. Ilé-iṣẹ́ ní dọ́là 33.84 ni ìpín kan. Àwọn tó kọ̀ ní kò tó. Ni wọ́n bá dé kóòtù, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò. Ìpín 75,629 ni wọ́n ń jà lé lórí, nọ́ńbà yẹn gan-an sì ni wọ́n fi pe orúkọ ẹjọ́ náà nínú ìwé òfin títí dòní. Adájọ́ gbé e yẹ̀ wò, ó ní dọ́là 63.44 ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Vermont fi ọwọ́ sí i ní 1999. Bí o bá ṣe ìṣirò ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì lórí gbogbo ìpín yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ohun kan nínú ìdájọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Àṣà àwọn oníṣirò ni pé bí ìpín ẹnì kan bá kéré, wọ́n á tún dín owó rẹ̀ kù, torí ìpín kékeré kò lágbára, kò sì rọrùn láti tà. Ilé ẹjọ́ ní rárá, kí wọ́n díye lé gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lódindi, kí wọ́n wá pín in bí ìpín olúkúlùkù ṣe tó. Òdodo nìyẹn lójú mi. Ẹni tó fi ohùn rẹ̀ ra ilẹ̀, àti ọmọ tó jogún ẹni bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a wí fún un pé nítorí pé wọ́n pọ̀, tirẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀ mi ò lè dá Johannes lẹ́bi pé ó fẹ́ kí òkè náà wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn. Bí ó bá ti fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ènìyàn láti máa dìbò lórí gbogbo òrùlé tó ń jò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ta gbogbo rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Ohun tó dùn mí ni pé ó di ọ̀rọ̀ kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, o sì mọ bí ẹjọ́ ogún ṣe máa ń ṣe ìdílé.

Mo lọ sí itẹ́ òkú ẹbí náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé àlejò ló wà, àwọn àlejò ń gba ibẹ̀ kọjá. Georg àti Maria wà níbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà sì wà níbẹ̀. Obìnrin kan tó bá mi níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gbọn yìnyín kúrò lára orúkọ tí wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ kò bá wọn tan. Mo ń ro àwọn ìpín yẹn bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo sì ń rò ó pé ilẹ̀ tí a ti sin bàbá ẹni sí, kò sí adájọ́ tó lè sọ iye rẹ̀ tán.

O lè bi mí pé ṣé ọ̀nà mìíràn wà. Ní Japan, ilé àlejò kan wà láàárín òkè ní Yamanashi tí wọ́n ń pè ní Keiunkan, ibi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ọdún 705 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìwé Guinness sọ pé kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó pẹ́ jù ú lọ láyé. Hōshi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 718 ní Ishikawa, wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tiwọn ni pé wọn kì í pín in rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà á. Bí kò bá sí ọmọkùnrin tó lè ṣe é, wọ́n á fi ẹni tó fẹ́ ọmọbìnrin wọn ṣe ọmọ, á gba orúkọ ilé, á sì di àrólé. Ìdílé kan náà di Keiunkan mú fún ìran 52. Síbẹ̀ náà, nígbà tó di 2017, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ nínú ẹbí mọ́, òṣìṣẹ́ kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ilé wọn wà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àwọn àbúrò tí kò gba nǹkan kan láti ìran dé ìran, mi ò rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi kò lè sọ pé ọ̀nà tiwọn sàn ju ti Stowe.

Ní báyìí, àwọn ọmọ Johannes, Sam àti Kristina, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n rà ní 660 ékà ti di nǹkan bí 2,600. Láti 2010 ni wọ́n ti ń pọn bíà irú ti Ọ́sítríà, torí Johannes fẹ́ èyí tó jọ ti ìlú àwọn bàbá rẹ̀. Wọ́n ń sin màlúù onírun gígùn. Ní ìparí òtútù wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi maple, omi á máa kán sínú garawa, wọ́n á wá sè é títí yóò fi ki. Nǹkan bí ogójì gálọ́ọ̀nù omi igi ló ń di gálọ́ọ̀nù oyin igi kan ṣoṣo. Mo dúró ti ààrò náà, ooru dídùn yẹn bo gbogbo ojú mi, ẹni tó ń rò ó sì ń gbé síbí ńlá sókè láti wo bó ṣe ń já bọ́: bó bá ń kán, kò tíì jinná, bó bá fẹ̀ létí síbí bí aṣọ kó tó já, ó ti tó. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké báyìí ni wọ́n fi ń gbé ilé àlejò náà ró ní oṣù tí yàrá bá ṣófo.

Sọ fún àwọn ìbejì pé ìran kẹta ló wà níbẹ̀, àti pé Johannes tí a bí sí ojú ọ̀nà kò sí nínú fíìmù wọn rárá, torí wọn kò tíì bí i. Bí ọ̀rọ̀ físà yín bá yanjú, ẹ má wá ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ìgbà tí ewé ń pọ́n, torí yàrá kì í ṣeé rí. Ẹ wá ní oṣù kẹta, kí n mú yín dé ìdí ààrò oyin igi. Kọ̀wé sí mi kí n lè tètè gba àyè.

Kí bàbá wọn fún mi, kí o sì bá mi fi ẹnu ko Táíyé àti Kẹ́hìndé lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dàmọ́lá